Ẹ ṣọ́ oríta: ìkìlọ̀ fún ọmọ Ìgèdè lórí ẹni tí ọ̀rọ̀ ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá

Ẹni tó bá fẹ́ lu odindi ìlú ní jìbìtì kì í kọ́kọ́ wá olówó ìlú náà lọ. Kì í gba ààfin lọ, kì í sì í wá ẹni tí fọ́tò rẹ̀ wà lára pátákó ìpolongo ìbò. Akápò ẹgbẹ́ àwọn ìyá ìjọ ló ń wá, tàbí akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, tàbí tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì tí àwọn tó kọ́ ṣì ń dọ̀bálẹ̀ fún. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè má ní ju owó ìfẹ̀yìntì lọ. Ṣùgbọ́n bó bá sọ̀rọ̀, agbo mẹ́rin tàbí márùn-ún tí kò mọ ara wọn rí ló máa gbọ́, wọ́n á sì gbà á gbọ́. Àwọn gbájúẹ̀ ti díwọ̀n wa, wọ́n ti mọ ẹni tó ṣe kókó láàárín wa. Àwa fúnra wa la kò tíì díwọ̀n ara wa, ohun tó sì ń bà mí lẹ́rù nìyẹn.

Ará Ìgèdè ò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ ohun tí oríta jẹ́. Ọkọ̀ tó gbéra ní Adó-Èkìtì tó ń lọ sí Iléṣà àti Ìbàdàn á gba Ìyìn, á gba Ìgèdè, kó tó kọjá sí Àrámọ̀kọ. Ìlú wa kò tó Adó lérò, kò sì tó o lọ́jà. Àmọ́ bí igi bá wó dí títì mọ́ wa lójú, ẹni tí kò ní ìyekan kankan ní Ìgèdè á mọ̀ ọ́n lára, nítorí ọkọ̀ rẹ̀ ò ní kọjá. Ohun tó ń gba ibì kan kọjá lè sọ ibẹ̀ di pàtàkì ju bó ṣe tóbi lọ. Bẹ́ẹ̀ náà lọ̀rọ̀ èèyàn rí.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti ń wá bí wọ́n ṣe máa fi iye gbé ọ̀rọ̀ yìí. Ìwọ̀n tó rọrùn jù ni kí a ka ojúlùmọ̀: èèyàn mélòó ni ẹni yìí mọ̀? Òun ni gbogbo wa ń lò láìfọkàn sí i nígbà tí a bá ń wo iye ọmọlẹ́yìn ẹnì kan lórí Facebook. Ní 1977, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Linton Freeman gbé ìwọ̀n mìíràn jáde. Ó ní kí a mú àwọn ará àwùjọ ní méjì méjì, kí a wo ọ̀nà tó kúrú jù tí ọ̀rọ̀ fi lè ti ọ̀dọ̀ ọ̀kan dé ọ̀dọ̀ èkejì, kí a wá ka iye ìgbà tí ọ̀nà wọ̀nyẹn gba ọwọ́ ẹnì kan pàtó kọjá. Ẹni tí tirẹ̀ bá pọ̀ jù, òun ni mo ń pè ní oríta nínú ìwé yìí. Ìwọ̀n mìíràn tún wà tí kò wo iye àwọn tó mọ ẹni náà, bí kò ṣe irú ẹni tí wọ́n jẹ́. Lórí irú èrò bẹ́ẹ̀ ni Larry Page àti Sergey Brin gbé Google kà ní 1998, tí ojú ewé tí àwọn ojú ewé ńlá ń tọ́ka sí fi máa ń ṣáájú àwọn yòókù.

Ẹ fojú inú wo èèyàn méjì. Ọ̀kan jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin tó ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ọ̀rẹ́ lórí Facebook. Kò sí ayẹyẹ tí kì í gbé fọ́tò rẹ̀ síta. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ ara wọn, ohun kan náà ni gbogbo wọn sì ń wò. Bí dátà rẹ̀ bá tán fún ọ̀sẹ̀ kan, ìlú kò ní mọ̀. Èkejì jẹ́ ìyá kan tí gíláàsì fóònù rẹ̀ ti là. Nọ́ńbà tó wà nínú rẹ̀ lè má ju àádọ́jọ lọ. Ṣùgbọ́n ó wà nínú gúrúùpù àwọn ìyá ìjọ, ó wà nínú ti alájọ ọjà, ó wà nínú ti àwọn tí wọ́n jọ jáde níléèwé gíga, ó tún wà nínú ti ọmọ Ìgèdè tó wà ní Èkó àti ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí fóònù rẹ̀ bá sọnù, àwọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ò ní gbọ́ pé wọ́n ti sún ọjọ́ ìsìnkú síwájú. Kíkà ojúlùmọ̀ á ní ọ̀dọ́kùnrin ló ṣe pàtàkì. Ìwọ̀n Freeman á ní ìyá yìí ni. Gbájúẹ̀ gbà pẹ̀lú Freeman, bí kò tilẹ̀ gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí láyé.

Ọ̀rọ̀ owó náà kò yàtọ̀. Ní 1993, John Padgett àti Christopher Ansell ṣe àyẹ̀wò àwọn ìdílé ńlá ìlú Florence ní Ítálì, bí wọ́n ṣe ń fọmọ fúnra wọn àti bí wọ́n ṣe ń bára wọn ṣòwò ní nǹkan bí ẹgbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn. Ìdílé Strozzi lówó ju ìdílé Medici lọ. Medici ló gba ìlú, nítorí pé ọ̀pọ̀ ìdílé tí kò bára wọn da nǹkan pọ̀ ní láti gba ọwọ́ Medici kí ọ̀rọ̀ wọn tó dé ọ̀dọ̀ ara wọn.

Ọdún 2014 ni Nàìjíríà rí agbára oríta kedere, fún rere àti fún ibi. Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje, Patrick Sawyer, ará Làìbéríà, gba Lomé wọ Èkó pẹ̀lú àrùn Ẹbólà lára. Ìpàdé ECOWAS kan ní Kàlàbá ló ń lọ. Ilé ìwòsàn First Consultants ní Ọbáléndé ni wọ́n gbé e lọ, ibẹ̀ ni Dókítà Ameyo Adadevoh ti fàáké kọ́rí pé ọkùnrin náà kò ní jáde, bó ti wù kí àwọn kan fúngun mọ́ òun tó. Ojúlùmọ̀ ọkùnrin yìí ní orílẹ̀-èdè wa kò pọ̀. Tí a bá fi èèyàn tó mọ̀ díwọ̀n rẹ̀, kò tó nǹkan. Àmọ́ Èkó ló wà, níbi tí ọkọ̀ òfuurufú, ọkọ̀ ojú omi àti ọkọ̀ ilẹ̀ gbogbo ti ń pàdé, ó sì ku díẹ̀ kó tún gbéra lọ bá àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè púpọ̀ nínú yàrá kan ṣoṣo. Dókítà Adadevoh ló dí ọ̀nà yẹn. Àrùn náà ló pa á ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ.

Iṣẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wá ṣe lẹ́yìn ìgbà náà, àyẹ̀wò oríta ni látòkèdélẹ̀. Ta ló fọwọ́ kàn án? Ta ni ẹni yẹn náà tún fọwọ́ kàn? Èèyàn 894 ni wọ́n kọ orúkọ wọn sílẹ̀, wọ́n sì bẹ̀ wọ́n wò lójúkojú ní nǹkan bí ìgbà 18,500. Ẹnì kan péré nínú àwọn tí wọ́n ń ṣọ́ yọ́ lọ sí Pọtakọ́ọ̀tù. Dókítà tó tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀ kó àrùn náà, ó sì gbabẹ̀ kú, iṣẹ́ wíwá èèyàn kiri sì di tìlú méjì. Nígbà tí àjọ ìlera àgbáyé WHO máa fi kéde ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá pé Ẹbólà ti kúrò nílẹ̀ wa, èèyàn 20 ló ti mú, ó pa 8. Nínú ìlú tó lérò bí Èkó, ẹni tó mọ̀ nípa àrùn mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe.

Nínú oṣù Kẹjọ yẹn kan náà ni ọ̀rọ̀ omi iyọ̀ ṣẹlẹ̀. Ẹ rántí. Ìdájí ọjọ́ 8 ni. Fóònù dún, wọ́n ní kí a dìde, kí a fi omi gbígbóná àti iyọ̀ wẹ̀, kí a sì mu díẹ̀ níbẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́, kí Ẹbólà má baà mú wa. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ka ìwé yìí ló wẹ̀ ẹ́. Ẹ má purọ́ fún mi. WHO sọ lóṣù náà pé ó kéré tán, èèyàn méjì ló kú nítorí pé wọ́n mu omi iyọ̀. Ta ló pe olúkúlùkù? Kì í ṣe àlejò. Ìyá ẹni ni, tàbí ẹ̀gbọ́n ẹni tó ń gbé ní ìlú míì, tàbí àǹtí tí kì í pe ni láàjìn àyàfi tí ẹnì kan bá kú. Ẹni tó hùmọ̀ ọ̀rọ̀ náà kò ní láti mọ ẹnikẹ́ni ní Ìgèdè. Ìfẹ́ tó wà láàárín àwa àti àwọn èèyàn wa ló bá a gbé e dé ẹnu ilẹ̀kùn yàrá wa, nígbà tí ojú oorun ò tíì dá.

Àwọn tó ni WhatsApp náà ti rí i pé ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń fò láti agbo kan sí òmíràn ni ewu wà. Ní oṣù Kìn-ín-ní 2019, wọ́n dín iye ibi tí èèyàn lè fi ọ̀rọ̀ kan ṣọwọ́ sí lẹ́ẹ̀kan náà kù sí márùn-ún. Ní oṣù Kẹrin 2020, nígbà Kòrónà, wọ́n tún ṣe é pé ọ̀rọ̀ tó bá ti gba ọwọ́ púpọ̀ kọjá kò lè lọ ju ibì kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá rí àmì ọfà méjì tó tẹ̀ léra lókè ọ̀rọ̀ kan, ohun tó ń sọ ni pé ẹni tó fi í ránṣẹ́ sí yín kọ́ ló kọ ọ́, ó ti rìn jìnnà kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìdènà yẹn dára, ṣùgbọ́n kò lè ràn wá lọ́wọ́ bí ẹni tó jẹ́ oríta bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún ọ̀rọ̀ náà tẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ara rẹ̀.

Èyí ló gbé mi dé ọ̀rọ̀ sógúndogójì. MMM tí Sergei Mavrodi ará Rọ́ṣíà dá sílẹ̀ ṣèlérí èrè ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù. Gbogbo ayé ló rántí ìyẹn. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò fiyè sí ni ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n ń san fún ẹni tó bá mú ẹlòmíràn wọlé, àti ipò tí wọ́n ń fi àwọn tó kó èèyàn púpọ̀ wá sí. Ẹ rí i pé ètò náà ti mọ iye tí oríta jẹ, ó sì ń ra oríta lówó. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá 2016, wọ́n ti àpò gbogbo èèyàn pa lójijì, nígbà tí Kérésìmesì ti kan ilẹ̀kùn. Àjọ NDIC tó ń dáàbò bo owó inú báńkì sọ lẹ́yìn náà pé nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́ta ọmọ Nàìjíríà ló pàdánù owó tó tó bílíọ̀nù 18 náírà. Ó yẹ kí ìyẹn tó wa. Ní oṣù Kẹrin 2025, CBEX tó ń ṣèlérí pé owó máa di ìlọ́po méjì láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ tún ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Àwọn tí inú ń bí lọ kó àga àti tábìlì ní ọ́fíìsì tó wà ní Òkè-Àdó n'Íbàdàn. Àwọn tó wà nídìí rẹ̀ tún ń sọ fún àwọn tó ti jìn sí kòtò pé kí wọ́n san ó kéré tán ọgọ́rùn-ún dọ́là kí àpò wọn tó lè ṣí.

Kò sí ẹni tó rí Mavrodi ní Èkìtì. Ẹni tó ń gbé irú ètò bẹ́ẹ̀ wọ ìlú ni ẹni tí a mọ̀, tó ti kọ́kọ́ gba èrè lẹ́ẹ̀mejì, tó ń fi aláàtì báńkì rẹ̀ han àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn ìsìn. Òótọ́ ló ń sọ, ó gba owó náà lóòótọ́! Owó ẹni tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n san fún un. Nígbà tó bá fọ́, aláṣẹ ètò ti wà ní òkè òkun, oríta yìí ló ṣẹ́kù ní àdúgbò, tí aládùúgbò ò sì ní kí i mọ́. Nítorí náà, ìwọ tí ọ̀rọ̀ ẹ máa ń tà láwùjọ, bí ẹnì kan bá ń fún ẹ lówó nítorí àwọn tí o mọ̀, kì í ṣe nítorí iṣẹ́ tí o ṣe, mọ̀ pé orúkọ rẹ ló ń rà, kò sì ní rà á tó iye tó jẹ. Òfin ìdókòwò tuntun tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní 2025 ti wá dárúkọ sógúndogójì ní tààrà. Ìyà tó wà nínú rẹ̀ lè tó ẹ̀wọ̀n ọdún 10. Ilé iṣẹ́ tí SEC, àjọ tó ń ṣàkóso ìdókòwò, kò bá fún ní ìwé àṣẹ kò gbọ́dọ̀ gba owó ìdókòwò lọ́wọ́ aráàlú. Ẹ wo orúkọ rẹ̀ lórí ìkànnì SEC kí ẹ tó dárúkọ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́ tí CAC ń fúnni nìkan kò tó, ìyẹn kì í ṣe ìwé àṣẹ láti gbowó.

Ọ̀nà kejì tí gbájúẹ̀ ń gbà mú oríta ni kí wọ́n jí WhatsApp rẹ̀ gbé. Ọ̀rọ̀ kékeré kan á wọlé láti orí nọ́ńbà ẹni tí ẹ mọ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo ṣèèṣì fi kóòdù kan ránṣẹ́ sí fóònù yín, ẹ bá mi fi ṣọwọ́ padà." Nọ́ńbà mẹ́fà ni kóòdù yẹn. Kọ́kọ́rọ́ ilé yín ni. Bí ẹ bá fi ṣọwọ́, WhatsApp yín á kúrò lọ́wọ́ yín lójú ẹsẹ̀, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ àti fọ́tò yín bẹ gbogbo gúrúùpù tí ẹ wà pé kí wọ́n yá yín ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta títí di alẹ́. Ẹni tó fi kóòdù bẹ̀ yín gan-an, wọ́n ti jí tirẹ̀ kó tó kàn yín. Bí wọ́n bá mú fóònù ọ̀dọ́kùnrin wa tọ̀hún, agbo kan ni wọ́n mú. Bí wọ́n bá mú ti ìyá onífóònù lílà, agbo mẹ́rin ló ṣubú.

Ẹ lọ sínú ètò àbò WhatsApp yín lónìí, kí ẹ fi nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ kejì sí i, èyí tí ẹ ó máa rántí fúnra yín. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n ṣe, ọmọ yín ni kí ẹ ní kó bá yín ṣe é. Kì í ṣe ọmọ ìdí POS. Bí wọ́n bá ti jí i, ẹ tún WhatsApp ṣí lórí fóònù yín pẹ̀lú nọ́ńbà yín, kóòdù tuntun á wọlé sórí síìmù yín, bí ẹ bá ti fi sí i, olè náà á jábọ́. Kódà bó bá ti fi nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tirẹ̀ sí i, tí ẹ ní láti dúró fún ọjọ́ méje, kò ní lè lò ó mọ́ ní ọjọ́ méje yẹn. Kí ẹ tó tún un ṣí, ẹ pe ẹnì kan nínú gúrúùpù kọ̀ọ̀kan lórí ìlà lásán, kó bá yín kéde pé ẹ̀yin kọ́ lẹ ń tọrọ owó.

Àwọn áàpù tó ń yáni lówó náà mọ ìṣirò yìí dáadáa. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ́kọ́ máa ń bèèrè kó tó di 2023 ni kí o jẹ́ kí wọ́n wo gbogbo nọ́ńbà tó wà nínú fóònù rẹ. Nígbà tí gbèsè bá dé, àna rẹ àti pásítọ̀ rẹ ni wọ́n máa ń kọ̀wé sí pé olè ni ọ́. Ìpalára yìí pọ̀ débi tí àjọ FCCPC tó ń gbèjà oníbàárà fi gbé ìlànà kalẹ̀ fún wọn ní 2022, tí Google náà sì fòfin dè wọ́n ní 2023 pé áàpù ayánilówó kò gbọ́dọ̀ wo ìwé nọ́ńbà oníbàárà mọ́. Èyí tí ẹ bá gbà láti ibòmíràn yàtọ̀ sí ojúlówó ìsọ̀ áàpù kò sí lábẹ́ òfin Google yẹn.

Kí ẹnikẹ́ni má ti inú ìkìlọ̀ mi lọ máa fura sí gbogbo ẹni tó mọ èèyàn. Èmi ò fara mọ́ ìyẹn. Bí àwọn nọ́ọ̀sì bá fẹ́ kí ìyá ọmọ gbọ́ nípa abẹ́rẹ́ àjẹsára, ọ̀dọ̀ àwọn oríta yìí náà ni wọ́n gbọ́dọ̀ lọ. Ìwọ̀n Freeman náà ní àléébù tirẹ̀: ẹni tí a bá yà sínú àwòrán nìkan ló lè díwọ̀n. Ìyá àgbà tí kò ní fóònù, àmọ́ tí gbogbo aboyún àdúgbò ń lọ bá, kò sí nínú gúrúùpù kankan. Dẹ́rẹ́bà tó ń ná Adó sí Ìgèdè lójoojúmọ́ lè gbé ìròyìn ju ádímínì mẹ́ta lọ. Ẹ kà wọ́n mọ́ oríta.

Nítorí náà, ẹ mú bébà. Ẹ kọ àwọn agbo tí ẹ wà sílẹ̀, ẹ wá bi ara yín pé nínú agbo méjì wo ni ẹ ti jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo tó so wọ́n pọ̀. Ibẹ̀ ni olè ń wò. Ẹ wá ẹnì kejì sí ibẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá jẹ́ pé ẹnu akọ̀wé nìkan ni Èkó ti ń gbọ́ ti ilé, ẹgbẹ́ yẹn ti há. Ẹni méjì ló yẹ kó wà, kí ọ̀kan lè já irọ́ èkejì bí wọ́n bá fi orúkọ rẹ̀ tan àwọn èèyàn. Olóyè ẹgbẹ́ kò gbọ́dọ̀ bínú bí ọmọ ẹgbẹ́ bá fi ìlà lásán pè é láti bèèrè pé, "Ṣé ẹ̀yin lẹ kọ ọ́, sà?" Kò sí ìwà àfojúdi níbẹ̀.

Ní ìpàdé yín tó ń bọ̀, kí owó tó wọ ọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí akọ̀wé ka orúkọ àwọn méjì tó lè bèèrè owó lórúkọ ẹgbẹ́, kí wọ́n kọ nọ́ńbà wọn àti nọ́ńbà àkáǹtì ẹgbẹ́ sára ògiri gbọ̀ngàn. Bí ọ̀rọ̀ owó bá wá láti ibòmíràn, tàbí tó ní kí ẹ sanwó sínú àkáǹtì tí kò sí lára ògiri yẹn, ẹ má san kọ́bọ̀.